Ọmọkùnrin Méjì Lórí Òkun

Ìwé méjì nípa ọmọ tó ti orí omi dàgbà ni mo gbé ka iwájú. Nínú Captains Courageous ti Rudyard Kipling (1897), Harvey, ọmọ olówó, já bọ́ sókun, àwọn apẹja sì fà á yọ. Ó pe ọ̀gá ọkọ̀ lólè. Ẹ̀ṣẹ́ bà á nímú, ẹ̀jẹ̀ bo ojú. Iṣẹ́ ẹja ló kù! Ìwé náà dùn, àmọ́ ọ̀rọ̀ okùn àti ìgbòkun ti pọ̀ jù fún èmi.

The Cat's Table ti Michael Ondaatje (2011) ni tèmi. Ọmọ ọdún 11 wọkọ̀ ní Colombo, ní Sri Lanka, lọ sí Ìlú Ọba, ọjọ́ 21 gbáko. Nígbà ìjì, òun àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní kí ẹnì kẹta wọn de àwọn mọ́ orí ọkọ̀ níta gbangba, kí wọ́n lè wòran. Díẹ̀ ló kù kí omi pa wọ́n.