ClinicalTrials.gov: ibi tí ẹ ti lè wò ó bóyá oògùn tó wo eku sàn ti dé ara ènìyàn

Bí ìròyìn bá jáde pé oògùn tuntun pa jẹjẹrẹ lára eku, àwọn kan á máa yọ̀, àwọn kan á ní irọ́ ni, pé wọ́n ti rí ìwòsàn tipẹ́ ṣùgbọ́n wọ́n gbé e pamọ́. Kí ẹ tó gbà á tàbí kí ẹ tó kọ̀ ọ́, ẹ ṣí ìkànnì yìí, níbi tí wọ́n ń kọ ìdánwò oògùn lára ènìyàn sílẹ̀. National Library of Medicine ti ìjọba Amẹ́ríkà ló ń bójú tó o láti ọdún 2000. Ọ̀fẹ́ ni, ẹ kò sì ní forúkọ sílẹ̀ kí ẹ tó wò ó.

Orúkọ oògùn gan-an ni kí ẹ kọ sí "Intervention/treatment", kí ẹ kọ irú jẹjẹrẹ sí "Condition/disease". Ẹ fi í sílẹ̀ sí "All studies", torí ìdánwò tí wọ́n dá dúró láàárín ọ̀nà ló máa ń kọ́ni jù. Bí ohunkóhun kò bá jáde, oògùn náà lè ṣì wà lọ́dọ̀ eku, tàbí kó jẹ́ pé orúkọ mìíràn ni wọ́n fi kọ ọ́ sílẹ̀: STI571 ni wọ́n ń pe imatinib, oògùn jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀, tẹ́lẹ̀.

Lẹ́yìn náà, ẹ wo ìpele ("Phase") ìdánwò náà. Ìpele 1 ń wá ìwọ̀n tí ara lè gbà. Kò tíì wá ìwòsàn. Ìpele 2 ń wò ó bóyá kókó jẹjẹrẹ ń sún kì. Ìpele 3 ló ń fi í wé ìtọ́jú tó wà nílẹ̀.

Kí ló dé tí eku fi ń tan ni? Eku kan kò ju nǹkan bíi gíráàmù 20 lọ. Kókó gíráàmù 1 lára rẹ̀ dà bíi kílò 3 lára ẹni tó wọn kílò 60. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn eku yìí ni agbára ìdáàbòbò ara wọn kò pé, kí jẹjẹrẹ ènìyàn lè dàgbà lára wọn. Ìwọ̀n oògùn náà ń ṣini lọ́nà: miligíráàmù 100 fún kílò kan lára eku, ẹ óò pín in sí 12.3 kó tó bá ènìyàn mu, nǹkan bíi 8 ni. Ẹni kílò 60 tó bá fi ti eku ṣírò máa gbé miligíráàmù 6,000 mì, nígbà tó yẹ kó jẹ́ nǹkan bíi 490. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe é nílé rárá. Ìṣirò yẹn, àwọn olùwádìí ló ń fi í bẹ̀rẹ̀ ìwádìí.

Oògùn kan tó ń jẹ́ endostatin fi èyí hàn kedere. Ní ọdún 1998, New York Times gbé e sí ojú ìwé iwájú, torí pé kókó yọ́ lára eku. Nínú ìdánwò ìpele 2 kan tí èsì rẹ̀ jáde ní 2006, aláìsàn 42 ló gbà á, kò sì sí ìkankan tí kókó rẹ̀ sún kì dé ìwọ̀n tí wọ́n ń wá. Síbẹ̀, èrò tó wà nídìí rẹ̀, pé kí a dí ọ̀nà ẹ̀jẹ̀ mọ́ kókó, kò ṣòfò: ní 2004, Amẹ́ríkà fọwọ́ sí bevacizumab fún jẹjẹrẹ ìfun ńlá. Imatinib náà ti ara eku kọjá: ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí í gbà á ní 1998, wọ́n fọwọ́ sí i ní 2001.

Ìkànnì yìí ní àbùkù. Òyìnbó ìṣègùn tó le ni wọ́n fi kọ ọ́. Bí ẹ bá rí "Unknown status", ọjọ́ tó yẹ kí ìdánwò parí ti kọjá, ó sì ti lé ní ọdún méjì tí ẹnikẹ́ni ti tún àkọsílẹ̀ rẹ̀ wò. Òfin ní kí èsì ọ̀pọ̀ ìdánwò wọlé láàárín ọdún kan, àmọ́ èyí tó pẹ́ kò kéré. Èyí tó léwu jù: kí ìdánwò wà níbẹ̀ kò túmọ̀ sí pé ìjọba fọwọ́ sí i, àwọn kan sì ń gba owó lọ́wọ́ aláìsàn. Ẹni tó bá ní ìwádìí ni òun ń ṣe, ẹ béèrè nọ́ńbà ìdánwò náà lórí ìkànnì yìí, ìyẹn lẹ́tà NCT tí nọ́ńbà mẹ́jọ tẹ̀ lé, kí ẹ tẹ̀ ẹ́ wò, kí ẹ sì ṣí "Record History" láti rí ohun tí wọ́n ti yí padà. Fún Áfíríkà, ẹ tún wo PACTR, ìkànnì tí wọ́n ń kọ ìdánwò ilẹ̀ Áfíríkà sí, torí gbogbo ìdánwò kọ́ ló wà lórí ìkànnì Amẹ́ríkà yìí.