Ìdójútòfò ọkọ̀ iléeṣẹ́ fún ẹni tó ń fi ọkọ̀ gbé kẹ̀kẹ́: ohun tí mo rí nínú rẹ̀

Iléeṣẹ́ wa ní Ìkòròdú fi píkọ́ọ̀pù kan sí ìkáwọ́ mi, wọ́n sì gbà kí n máa lò ó ní òpin ọ̀sẹ̀, nígbà tí èmi àti àwọn ẹlẹgbẹ́ mi máa ń di kẹ̀kẹ́ ológeere mọ́ irin ẹ̀yìn rẹ̀ lọ sí ọ̀nà Ẹ̀pẹ́. Ìdójútòfò comprehensive, ìyẹn èyí tó bo ọkọ̀ fúnra rẹ̀ àti ohun tó bá bà jẹ́ fún ẹlòmíràn, ni wọ́n rà sórí rẹ̀.

Nígbà tí ọkọ̀ já sí kòtò kí a tó dé Ìtóìkín, kẹ̀kẹ́ kan já bọ́, ó sì fọ́ iná iwájú ọkọ̀ tó ń bọ̀ lẹ́yìn. Ní ti ọkọ̀ ẹni ẹlẹ́ni yìí, mo yin àwọn adójútòfò náà tọkàntọkàn: wọ́n gba fọ́tò, ìwé ọlọ́pàá àti iye tí àtúnṣe yóò ná wa, wọ́n sì sanwó láìfa ọ̀rọ̀ gùn. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó kan kẹ̀kẹ́ tó wọ́, wọ́n ṣí ìwé àdéhùn, wọ́n fi ibi tí wọ́n kọ ọ́ sí hàn wá pé ohunkóhun tí ọkọ̀ náà bá gbé, tàbí tó wà ní ìkáwọ́ ẹni tó ra ìdójútòfò, kò sí lára dúkìá ẹlòmíràn tí wọ́n ń san owó fún. Báyìí ni kẹ̀kẹ́ ọ̀rẹ́ mi, tí kì í ṣe ti iléeṣẹ́, tí kì í sì í ṣe tèmi, kò rí ẹni dúró fún un. Ó dùn mí gidigidi, nítorí aṣojú tó ta ìwé náà mọ ohun tí a ń fi ọkọ̀ gbé, kò sì ka ẹsẹ̀ yẹn sí wa létí.

Kí ẹnikẹ́ni má sì rò pé third party, ìyẹn èyí tó ń sanwó kìkì fún ohun tí ọkọ̀ wa bá ṣe fún ẹlòmíràn, yóò sàn jù. Láti ọdún 2023, 15,000 náírà ni àjọ NAICOM, tó ń ṣàkóso ìdójútòfò ní Nàìjíríà, fi lélẹ̀ bí owó rẹ̀ fún ọkọ̀ àdáni, 3 mílíọ̀nù náírà sì ni òpin ohun tí wọn yóò san lórí dúkìá ẹlòmíràn. Kò kan ọkọ̀ tìrẹ rárá. Owó comprehensive kò gbọ́dọ̀ dín ní ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún iye ọkọ̀, owó ńlá sì nìyẹn. Lójú tèmi, ẹni tó san iye bẹ́ẹ̀ yẹ kí wọ́n bi léèrè ohun tí yóò máa gbé.

Ẹ wo ibi tí wọ́n kọ ìlò ọkọ̀ sí dáadáa pẹ̀lú. Nínú ìwé tiwa, bí a bá gba owó ọkọ̀ lọ́wọ́ ẹni tí a bá a gbé kẹ̀kẹ́, ààbò náà ti dópin. Ọkọ̀ ẹrù kékeré tí a bá so mọ́ ìdí píkọ́ọ̀pù ní láti wà nínú ìwé kí wọ́n tó lè tún un ṣe.

Mo ṣì fara mọ́ ìdójútòfò yìí fún ọkọ̀ àti fún ẹni tí a bá kọ lù. Ní ti kẹ̀kẹ́, olúkúlùkù ti ń ra ti ara rẹ̀ lọ́tọ̀, lórúkọ ara rẹ̀, kí a tó di í mọ́ ọkọ̀.