Ìtọ́jú ọkàn ọlọ́pọ̀ èèyàn ní Adó-Èkìtì: ta ló ń bá ta sọ̀rọ̀ níbẹ̀?

Ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ bóyá ìtọ́jú ọkàn tí wọ́n ń ṣe fún ọ̀pọ̀ èèyàn lójú kan náà ń ṣiṣẹ́, kó má wo ìwé-ẹ̀rí tí wọ́n gbé kọ́ sára ògiri. Kó ka iye ìgbà tí ọmọ ẹgbẹ́ kan bá ọmọ ẹgbẹ́ mìíràn sọ̀rọ̀ láìjẹ́ pé olùdarí ló ní kó sọ ọ́. Ìwọ̀n tí a fi wọn ilé ìtọ́jú ọkàn aládàáni kékeré kan ní Adó-Èkìtì nìyẹn. A ò ní dárúkọ ilé náà. Adó ò tóbi tó bẹ́ẹ̀, àwọn tó ń lọ síbẹ̀ ò sì fẹ́ kí wọ́n máa na ìka sí ẹnu ọ̀nà wọn.

Èèyàn mẹ́jọ ni wọ́n ń gbà, olùdarí kan ló wà pẹ̀lú wọn. Sátidé ni wọ́n ń jókòó, láago mẹ́wàá sí mọ́kànlá ààbọ̀, fún ọ̀sẹ̀ 14. Ìṣètò yìí tẹ́ wa lọ́rùn. Nígbà tí Gary Burlingame, onímọ̀ nípa ìrònú ẹ̀dá ní Amẹ́ríkà, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kó ìwádìí 40 jọ lọ́dún 2011, wọ́n rí i pé ibi tí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ bá ti fara mọ́ra jù ni ara ti máa ń yá èèyàn jù, pàápàá nínú ẹgbẹ́ ẹlẹ́ni 5 sí 9 tó bá kọjá ìjókòó 12. Wọ́n tún un ṣe lọ́dún 2018 pẹ̀lú ìwádìí 55, ọ̀rọ̀ náà ò yí padà. Tí èèyàn bá ti tó 15 nínú yàrá kan, ó ti di ìpàdé ìjọ: àwọn méjì ń sọ̀rọ̀, àwọn yòókù ń wo aago.

Ìfararora tí à ń wí yìí kì í ṣe ẹ̀rín àti ọ̀yàyà o. Àgbẹ̀ Èkìtì mọ ìyàtọ̀ tó wà láàárín ọ̀wẹ̀ àti àáró. Ẹni tó bẹ ọ̀wẹ̀ á se oúnjẹ, àwọn èèyàn á bá a ṣiṣẹ́, ó parí. Àáró yàtọ̀ sí ìyẹn: ẹ ro oko mi lónìí, èmi náà á ro tiyín lọ́la. Àáró ni ẹgbẹ́ ìtọ́jú tó bá dáa. Irvin Yalom, tó kọ̀wé lórí iṣẹ́ yìí lọ́dún 1970, ní ipò tí àárín oníṣègùn àti aláìsàn wà nínú ìtọ́jú ẹni kan ṣoṣo, ibẹ̀ ni ìfararora wà nínú ìtọ́jú ọlọ́pọ̀ èèyàn. Kí ẹnikẹ́ni má sì rò pé nǹkan òyìnbó nìkan ni. Ní Àrò, l'Abẹ́òkúta, lọ́dún 1954, dókítà ọpọlọ Thomas Adéoyè Lámbò ní kí àwọn aláìsàn máa gbé pẹ̀lú ẹbí wọn láwọn abúlé tó yí ilé ìwòsàn ká, kí wọ́n máa ti ibẹ̀ wá gba ìtọ́jú.

Ohun tó máa ń ba àáró yìí jẹ́ nílẹ̀ wa kì í ṣe ìjà. “Ẹ pẹ̀lẹ́” ni. Ẹ wo bó ṣe máa ń rí. Ìyá kan bẹ̀rẹ̀ sí í sọ nípa ọmọ tó kú, ó ń ká etí ìró rẹ̀, ó sì ń tú u. Ohùn rẹ̀ já. Lójú ẹsẹ̀, ẹni mẹ́ta á gbà á lẹ́nu rẹ̀: “Ẹ pẹ̀lẹ́ o, Mọ́mì. Ẹ má sunkún mọ́. Ọlọ́run á tù yín nínú.” Ìyá á nu ojú, á ní “ẹ ṣé o”, ọ̀rọ̀ á sì parí síbẹ̀. Gbogbo wọn ṣe dáadáa sí i, wọ́n sì ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn. Olùdarí tó mọṣẹ́ ò ní bá wọn wí. Á dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀, á wá béèrè lọ́wọ́ àwọn yòókù: “Nígbà tí Mọ́mì ń sọ̀rọ̀, kí ló ń ṣẹlẹ̀ nínú tiyín?” Tí ọ̀dọ́mọkùnrin tí kò tíì lanu láti àárọ̀ bá dáhùn pé, “Èmi ò mọ̀ pé àwọn àgbà náà kì í rí oorun sùn,” oko ti ń di ríro nìyẹn. Olùdarí ilé yìí mọ ìdákẹ́ yẹn í lò. Ó tún ń jẹ́ kí wọ́n sọ ẹ̀ka-èdè Èkìtì wọn nígbà tí ọ̀rọ̀ bá wọra.

Ọ̀rọ̀ àgbà àti èwe, wọ́n fọgbọ́n tò ó. Wọn ò ní kí ẹnikẹ́ni máa pe àgbàlagbà lórúkọ ṣánṣán. Kálukú ń lo “ẹ”, àmọ́ irú àga kan náà ni gbogbo wọn ń jókòó lé, ní yíyípo, wọn kì í sì í rán ọmọdé inú wọn lọ bu omi. Tí wọ́n bá pàdé ní Ọjà Ọba, ẹni tó bá wù ló máa kọ́kọ́ kí ẹnì kejì. Kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ sọ ibi tí wọ́n ti mọra.

WhatsApp wọn ni kò dáa. Wọ́n dá a sílẹ̀ fún ìkéde, ó wá di àdúrà òwúrọ̀ àti fídíò àtagbà, kò sì pẹ́ tí àwọn mẹ́ta kan fi lọ dá tiwọn sílẹ̀. Bí wọ́n bá jọ wọ kẹ̀kẹ́ márúwá lọ sílé, ó lè fa irú ẹ̀ pẹ̀lú. Kì í ṣe pé kí wọ́n má sọ̀rọ̀ níta. Ohun tí wọ́n bá sọ nínú kẹ̀kẹ́ ni kí wọ́n gbé padà wá síwájú gbogbo ẹgbẹ́ ní Sátidé tó ń bọ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹgbẹ́ á pín sí àwọn tó mọ̀ àti àwọn tí kò mọ̀.

Àṣìṣe tó burú jù ni pé wọ́n gba ẹni tuntun ní ọ̀sẹ̀ kẹsàn-án, torí àga kan ṣófo. Bruce Tuckman, onímọ̀ nípa ìrònú ẹ̀dá, ti sọ ọ́ láti 1965 pé ẹgbẹ́ máa ń la ìgbà ìforígbárí kọjá kó tó fìdí múlẹ̀. Àwọn tó kù ti la tiwọn kọjá. Àlejò wọlé, gbogbo wọn tún padà sí “a dúpẹ́, kò sí wàhálà”. Tó bá pọn dandan, kí wọ́n sọ fún ẹgbẹ́ ní ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú, kí wọ́n mú ẹni méjì wọlé pọ̀ kí ọ̀kan má dá ṣe àlejò, kí wọ́n sì ti ilẹ̀kùn lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kẹrin.

Owó ìjókòó mẹ́rin ni wọ́n ń gbà lẹ́ẹ̀kan náà, ó sì bọ́gbọ́n mu: ẹni tó bá ń san án lójoojúmọ́ ìpàdé á fẹsẹ̀ fẹ ẹ ní ọ̀sẹ̀ tí ọ̀rọ̀ bá le. Wọn kì í fi fọ́ọ̀mù kankan wọn bí ẹgbẹ́ ṣe ń lọ sí. Ọ̀kan wà tí dókítà ọpọlọ kan, MacKenzie, ṣe lọ́dún 1983, ìbéèrè 12 péré: ṣé wọ́n ń dá sí ọ̀rọ̀ ara wọn, ṣé wọ́n ń sá fún ọ̀rọ̀, ṣé ìbínú wà nílẹ̀. Ìṣẹ́jú díẹ̀ ló máa gbà.

Ẹni tó bá ń rò ó láti pa ara rẹ̀, ilé ìwòsàn ló yẹ kó kọ́kọ́ lọ, kì í ṣe ibí. Àwọn yòókù lè lọ. Ṣùgbọ́n kí wọ́n tó sanwó, kí wọ́n bi àwọn tó ni ilé náà pé, “Ṣé ẹ máa gba èèyàn lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kẹrin?” Bí ìdáhùn bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, kí wọ́n wá ibòmíì.