Wix àbí WordPress? Ẹ ka èyí ná kẹ́ ẹ tó sanwó

Àǹtí mi tó ń ta àdìrẹ l'Abẹ́òkúta pè mí lálẹ́ ọjọ́ Sọ́ńdè, wọ́n ní "ìwọ ọmọ yìí, ẹnì kan ní kí n ra Wix, ẹnì kan ní WordPress ni, èwo ni ká ṣe báyìí?" Ohun tí wọ́n fi ń kọ́ wẹ́bùsáìtì ni méjèèjì. Mo ti fi méjèèjì ṣiṣẹ́, méjèèjì sì ti fojú mi rí nǹkan, torí náà ohun tí mo sọ fún wọn náà ni mo kọ síbí fún ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ ní wẹ́bùsáìtì àkọ́kọ́.

Ẹ wò ó, irú ọjà kan náà kọ́ ni wọ́n. Wix dà bíi kẹ́ ẹ háyà ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti kan ṣẹ́ẹ̀fù sí, tí iná wà níbẹ̀, tí mègáàdì wà lẹ́nu géètì, owó kan ṣoṣo lẹ ó máa san, bí òrùlé bá jò onílé ló máa tún un ṣe. WordPress ní tiẹ̀, búlọ́ọ̀kù àti símẹ́ǹtì ọ̀fẹ́ ni, láti 2003 ni wọ́n ti ń pín in, kò sẹ́ni tó máa gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ yín lórí ẹ̀, àmọ́ ilẹ̀ tẹ́ ẹ máa kọ́ ọ lé ńkọ́? Ìyẹn ni wọ́n ń pè ní hosting, ẹ ó máa sanwó ẹ̀ lọ́dọọdún, bí òrùlé bá sì jò, tiyín ni.

Tó bá jẹ́ ti ìrọ̀rùn, Wix ló mú un, mi ò ní parọ́. Ẹ ó wọ́ àwòrán síbi tó wù yín, ẹ ó tẹ ọ̀rọ̀ sí i, kílẹ̀ tó ṣú ẹ ti ní nǹkan tẹ́ ẹ lè fi han èèyàn. Gbígbé WordPress sórí hosting náà ò le, nínú cPanel, ìyẹn ojú ewé tẹ́ ẹ ti máa ń darí hosting yín, ẹ kàn máa tẹ bọ́tìnnì ni, ẹ̀yìn ìyẹn ni theme (aṣọ tí wẹ́bùsáìtì máa wọ̀), plugin (àfikún tó ń fún un ní iṣẹ́ tuntun) àti menu máa wá rọ́ lù yín, ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ yẹn orí á fẹ́rẹ̀ẹ́ fọ́.

Owó wá ńkọ́? Wix ní ti ọ̀fẹ́ lóòótọ́, àmọ́ ìpolówó wọn á wà lórí ojú ewé yín, wixsite.com á sì wà nínú àdírẹ́sì yín. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ lo orúkọ tiyín, tẹ́ ẹ sì fẹ́ gba owó oníbàárà níbẹ̀, ẹ ó sanwó, dọ́là sì ni, ẹ̀yin náà mọ bí káàdì náírà ṣe máa ń ṣe nígbà míì. Hosting fún WordPress, àwọn ilé-iṣẹ́ wà ní Nàìjíríà tó ń gba náírà, ẹ fi tiransífà san án, ó parí. Ẹ kàn ṣọ́ra fún owó ọdún àkọ́kọ́ o. Ibì kan tí mo ti rà á, owó pọ́ọ́kú ni mo fi wọlé, àfi bí ọdún kejì ṣe dé tí wọ́n bu iye tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po mẹ́ta fún mi, ó sì wà nínú ohun tí wọ́n kọ látìbẹ̀rẹ̀, èmi ni mi ò kà á. Iye tẹ́ ẹ máa fi tún un san ni kẹ́ ẹ máa wò, ẹ má wo ẹ̀dínwó.

Ẹ tún má ṣi WordPress mú. WordPress.org lẹ ti máa rí ti ọ̀fẹ́ tí mò ń sọ yìí. WordPress.com, iṣẹ́ àwọn Automattic nìyẹn, àwọn ló ń bá yín gbé e sórí sáfà (kọ̀ǹpútà tó ń gbé wẹ́bùsáìtì) tiwọn, ó ní ètò ọ̀fẹ́ àti olówó bíi ti Wix. Ẹnìkan tí mo mọ̀ ra èyí tó kéré jù níbẹ̀, ó wá ń wá ibi tó máa ti fi plugin sí i títí tó fi bínú pa kọ̀ǹpútà dé.

Ẹ̀yin ọlọ́jà, WooCommerce ló ń sọ WordPress di ṣọ́ọ̀bù, ọ̀fẹ́ lòun náà, Paystack, ilé-iṣẹ́ tó ń bá ọlọ́jà gba owó lórí ayélujára, sì ní plugin fún un. Bí mo ṣe ń kọ èyí, 1.5% àti ₦100 ni wọ́n ń yọ lórí owó tí wọ́n bá san láti Nàìjíríà, kì í kọjá ₦2,000, tọ́jà ò bá sì tó ₦2,500 wọn kì í gba ₦100 yẹn. Àdìrẹ ₦20,000, ₦400 ló máa lọ níbẹ̀. Tó bá jẹ́ Wix, ẹ kọ́kọ́ wo àwọn tí wọ́n lè bá yín gba owó ní Nàìjíríà kẹ́ ẹ tó san nǹkan kan.

Ibi tó dùn mí jù nínú Wix ni pé ẹ ò lè kó ẹrù. Wẹ́bùsáìtì tẹ́ ẹ kọ́ síbẹ̀, ibẹ̀ ló máa wà, ọjọ́ tẹ́ ẹ bá fẹ́ lọ ẹ ó tún un kọ́ láti ìpìlẹ̀ níbòmíì. WordPress, ẹ ó palẹ̀ ẹrù mọ́ pátá, ẹ ó gbé e lọ sí hosting míì. Àmọ́ ẹni tí kò ní ráyè máa ṣe update, ìyẹn kó máa fi ẹ̀yà tuntun rọ́pò ti àtijọ́, kó má wulẹ̀ dán an wò, torí ibi plugin àtijọ́ làwọn gbájú-ẹ̀ máa ń gbà wọlé. Àwọn theme olówó tí wọ́n ń pín lọ́fẹ̀ẹ́ lórí Telegram yẹn náà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi sílẹ̀, kòkòrò ló máa ń wà nínú ẹ̀.

Ẹni tó kàn fẹ́ máa kọ ọ̀rọ̀ lásán, Blogger ti Google ti tó o, ọ̀fẹ́ ni.

Èyíkéyìí tẹ́ ẹ bá mú, ẹ̀yin fúnra yín ni kẹ́ ẹ ra domain, ìyẹn àdírẹ́sì wẹ́bùsáìtì yín, pẹ̀lú ímeèlì yín àti orúkọ yín. Ẹni tó kọ́kọ́ ṣe wẹ́bùsáìtì fún àǹtí mi, orúkọ ara ẹ̀ ló fi ra domain, nígbà tí ìjà dé ó gbé e lọ, orúkọ tí wọ́n ti tẹ̀ sára náílọ́ọ̀nù ọjà. Torí ìyẹn, .com.ng tuntun la kọ́kọ́ rà lọ́jọ́ Tuesday, kò wọ́n tó .ng gan-an, orúkọ wọn ló wà lórí ẹ̀. WordPress ni wọ́n mú, wọ́n ní èmi ni mo máa máa ṣe update. Mi ò rántí ìgbà tí mo gbà bẹ́ẹ̀.