Férémù 30 àbí 60: èwo ló tu ojú lára?

Férémù ni àwọn àwòrán tí géèmù ń tò tẹ̀ léra wọn; 30 tàbí 60 ni iye tó ń hàn ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ní 30, àwòrán kọ̀ọ̀kan ń lo bíi mílísẹ́kọ́ńdì 33 (ẹgbẹ̀rún mílísẹ́kọ́ńdì ló wà nínú ìṣẹ́jú àáyá kan) lójú tẹlifíṣọ̀n. Ní 60, bíi 17 péré. Ẹ yí kámẹ́rà inú géèmù kíákíá, ẹ ó rí i: ní 30, etí ògiri kì í rìn, ńṣe ló ń fò. Òòyì lè kọ́ àwọn kan. Bọ́tìnì náà á máa pẹ́ jẹ́ ìpè.

Fún géèmù bọ́ọ̀lù àti ti ìbọn, 60 ni kẹ́ ẹ mú. Àmọ́ 30 tó dúró ṣinṣin sàn ju 60 tó ń já sí 45 lọ: tẹlifíṣọ̀n 60Hz (tó ń sọ àwòrán dọ̀tun nígbà 60 ní ìṣẹ́jú àáyá kan) á fi àwòrán kan hàn lẹ́ẹ̀kan, á fi òmíràn hàn lẹ́ẹ̀mejì, ìrìn á wá máa kọsẹ̀.

Lórí PS5, Game Presets wà nínú Settings. Ẹ yan Performance Mode (ó ń fi iye férémù ṣáájú ẹwà àwòrán). Àwòrán lè má mú tó ti tẹ́lẹ̀ (ewé igi ló sábà máa ń tú u fó).