Wọ́n wo ọmọlójú wa, wọ́n ní eegun ọrùn àti kíndìnrín làwọn rí

Àyẹ̀wò irídọ́lọ́jì ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí, ìyẹn kí wọ́n fi kámẹ́rà kékeré ya ẹyinjú èèyàn, kí wọ́n sì máa ka àìsàn gbogbo ara láti inú rẹ̀. Ilé ìtọ́jú ewé àti egbò kan n'Ìbàdàn ló ṣe é fún èmi àti màámi, ₦10,000 lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan. Àwọn ará àdúgbò wa ń wọ́ lọ síbẹ̀, ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí n kọ ohun tí mo rí sílẹ̀ kínníkínní.

Ẹ jẹ́ n yìn wọ́n níbi tí ìyìn ti tọ́ sí wọn. Ibẹ̀ mọ́ tónítóní, wọn ò fi wá jókòó pẹ́, ọkùnrin tó yẹ̀ wá wò sì fara balẹ̀ dáhùn gbogbo ohun tí màámi bi í. Ẹni tó bá ti tò rí láti ìdájí nílé ìwòsàn ìjọba á mọ bí ìyẹn ṣe ń tuni lára tó. Bó ṣe gbé kámẹ́rà súnmọ́ mi, ẹyinjú mi gba gbogbo ojú kọ̀ǹpútà. Mo rí awọ tó yí ọmọlójú ká ní fọ́nrán-fọ́nrán, ibì kan pọ́n rẹ́súrẹ́sú, ibì kan dúdú. Ó rẹwà gan-an.

Àtẹ ńlá kan wà lára ògiri wọn tí wọ́n ti pín ojú sí ojúlé-ojúlé, ọ̀kan fún ẹ̀dọ̀, ọ̀kan fún kíndìnrín, ọ̀kan fún ọkàn. Irú àtẹ bẹ́ẹ̀ ni Bernard Jensen sọ di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká ní Amẹ́ríkà, ṣùgbọ́n dókítà ará Hungary kan, Ignaz von Peczely, ni wọ́n ń pè ní baba iṣẹ́ yìí. Ìtàn tí wọ́n máa ń sọ ni pé ó rí àmì dúdú lójú òwìwí tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kán, ó sì gbà pé ohun tó bá ṣe ara, ojú á sọ ọ́. Ti ọmọlójú tún wà lọ́tọ̀: bó bá tẹ́ lápá kan, ọkùnrin náà ní eegun ẹ̀yìn ló ń fi hàn, bí ọ̀kan bá tóbi ju èkejì lọ, ó ní ara ò dọ́gba.

Ọmọlójú mi ọ̀tún kì í ṣe róbótó. Ó ya díẹ̀ nísàlẹ̀ lápá etí. Ọkùnrin náà fi ìka kàn án lójú kọ̀ǹpútà, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ wo ibí yìí dáadáa. Eegun ọrùn yín ló ń pariwo yìí, ẹ̀dọ̀ yín náà ò sì lágbára mọ́." Mo bi í bóyá nǹkan mìíràn lè fà á. Ó ní rárá, ojú kì í purọ́.

Òkò kànnàkànnà ló bà mí lójú nígbà tí mo wà nílé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ dà síwájú ẹyinjú mi, dókítà sì ṣàlàyé fún bàbá mi nígbà náà pé iṣan tó yí ọmọlójú ká ti ya níbì kan. Iṣan yẹn ń fún ọmọlójú pọ̀ nínú ìmọ́lẹ̀ bí okùn ṣe ń fún ìdí ṣòkòtò. Níbi tó bá ti já, kò ní fún dọ́gba mọ́. Ẹ̀dọ̀ mi ò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀. Irú ojú tó fara gbá bẹ́ẹ̀ lè ní gílákómà, àìsàn tó ń jí ìríran lọ díẹ̀díẹ̀, lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún, ìdí nìyẹn tí mo fi ń lọ wọn ìfúnpá ojú mi lọ́dọọdún. Ọkùnrin náà ò béèrè bóyá nǹkan kan ti bà mí lójú rí.

Ti màámi ló dùn mí jù. Ọmọlójú wọn méjèèjì kéré jọjọ. Ọkùnrin náà ní ara wọn ló le koko, pé ìdọ̀tí ti kún kíndìnrín. Bẹ́ẹ̀ gílákómà ni màámi ní, pilocarpine sì wà lára oògùn tí wọ́n ń kán sójú. Iṣẹ́ pilocarpine gan-an ni kó mú kí ọmọlójú kéré. Ọjọ́ orí náà ń sọ ọ́ di kékeré. Nígbà tó wá gbọ́ pé wọ́n ń lo oògùn, ó ní, "Mama, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ gbé ti òyìnbó yẹn tì ná, kí kápúsù tiwa ráyè ṣiṣẹ́." ₦48,000 ni kápúsù ọ̀hún. Màámi wo ojú mi. Mo ní, "Màámi, ẹ má dá a dúró o, ẹ jọ̀ọ́."

Gílákómà tó wọ́pọ̀ láàárín àwa aláwọ̀ dúdú kì í dunni. Díẹ̀díẹ̀ ló ń pa iṣan tó ń gbé ìríran lọ sí ọpọlọ, ohun tó bá sì ti lọ, kò sí oògùn tó lè dá a padà. Ẹ̀yìn ojú ni wọ́n ti ń rí i, pẹ̀lú wíwọn ìfúnpá. Kò sí lára àtẹ ògiri.

Wọ́n sì ti dán iṣẹ́ yìí wò. Lọ́dún 1979, ní Amẹ́ríkà, wọ́n fi àwòrán ojú èèyàn 143 síwájú àwọn onírídọ́lọ́jì mẹ́ta, Jensen fúnra rẹ̀ wà nínú wọn, kí wọ́n mú àwọn tí kíndìnrín ń yọ lẹ́nu jáde. Wọn ò lè yà wọ́n sọ́tọ̀. Lọ́dún 2005, ní Jámánì, nínú èèyàn 68 tó ní jẹjẹrẹ, 3 péré ni onírídọ́lọ́jì mọ̀.

Ọmọlójú ń sọ̀rọ̀ lóòótọ́, ọ̀rọ̀ ojú àti ti ọpọlọ ló sì máa ń sọ jù. Nínú èèyàn márùn-ún, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé ẹnì kan ní ọmọlójú tí ọ̀kan fi díẹ̀ tóbi ju èkejì lọ, láìsí àìsàn kankan. A ń bí àwọn mìíràn pẹ̀lú èyí tó rí bí ihò kọ́kọ́rọ́. Bí inú ojú bá wú, awọ tó yí ọmọlójú ká lè lẹ̀ mọ́ ohun tó wà lẹ́yìn rẹ̀, ọmọlójú á sì rí wúruwùru. Ṣùgbọ́n bó bá ṣàdédé fẹ̀ lójú kan, tí ìpéǹpéjú ibẹ̀ wálẹ̀, tí orí ń fọ́ni; tàbí tí ojú pọ́n, tó ń dunni, tí èèyàn ń bì, ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an ni. Kápúsù kọ́.

Tí ẹ bá ṣì fẹ́ lọ síbẹ̀, ẹ gbé gbogbo oògùn yín dání, ẹ fi hàn wọ́n kí wọ́n tó tan kámẹ́rà, ẹ má sì dá ìkankan dúró láìbá dókítà yín sọ̀rọ̀. Àwòrán ojú tí wọ́n fi ránṣẹ́ sórí fóònù mi mọ́ kedere. Dókítà ojú mi gbà á, ó fi í sínú fáìlì kó lè máa fi wé ti ọdún tó ń bọ̀. Nítorí àwòrán yẹn ni mo ṣe fún wọn ní ìràwọ̀ kan nínú márùn-ún.