Alfa onísípíkà Mararaba: mo fún un ní mẹ́rin nínú márùn-ún

Kí n tètè sọ ọ́ kẹ́ ẹ tó bi mí, Alfa tó ń gbé sípíkà àti máìkì lọ sóde fún mi yìí kì í ṣe àbúrò mi, kò sì fún mi ní kọ́bọ̀ láti kọ èyí, kódà ó ṣì ń bínú sí mi lórí ẹgbẹ̀rún méjì owó ọkọ̀ kan tó ní mi ò tíì san. Iṣẹ́ aláwàdà ni mò ń ṣe l'Àbújá ńbí, ọdún keje rèé, ìgbéyàwó o, ìsọmọlórúkọ o, ọjọ́ ìbí o, pátì ìfẹ̀yìntì àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba, ibi tí wọ́n bá ti pè mí ni mò ń lọ. Màmá mi ní Ògbómọ̀ṣọ́ ṣì ń sọ fáwọn ará àdúgbò pé ọmọ òun wà pẹ̀lú ìjọba l'Àbújá, mi ò sì já wọn nírọ́ torí lóòótọ́ mo máa ń wà pẹ̀lú ìjọba, èmi ni mo máa ń wà lórí ìdúró, àwọn ni wọ́n máa ń jẹun.

Àwọn èèyàn rò pé ẹnu la fi ń ṣiṣẹ́ yìí, èmi náà rò bẹ́ẹ̀ títí di ọjọ́ kan ní Karu. Mo ní àwàdà kan nípa lándlọ́ọ̀dù mi ní Lugbe. Nígbà tí mo fẹ́ gbalé, bàbá ní "omi ò wọ́n nílé yìí o", mo sanwó ilé, mo sanwó omi lọ́tọ̀, òjò June dé, omi wọ pálọ̀, omi bá mi lórí bẹ́ẹ̀dì, bàtà mi ń lúwẹ̀ẹ́ lọ sọ́dọ̀ aládùúgbò, mo bá gbéra ó di ọ̀dọ̀ lándlọ́ọ̀dù, mo ní bàbá ẹ dá owó omi mi padà, bàbá wò mí látòkè délẹ̀, wọ́n ní "kọ́kọ́ dá omi mi padà ná." Ibẹ̀ ni ẹ̀rín wà, ọ̀rọ̀ mẹ́fà péré, gbogbo ohun tí mo ti ń sọ bọ̀ kàn ń to igi sábẹ́ ààrò ni, ọ̀rọ̀ mẹ́fà yẹn ni ìṣáná. Lọ́jọ́ Karu yìí mo to igi tán, ẹ̀rín ti wà létè gbogbo wọn, mo ya ẹnu, "kọ́kọ́ dá...", máìkì ní fíììììììì! Àwọn èèyàn di etí, ọmọ ọwọ́ kan bú sẹ́kún, ìyá ọlọ́jọ́ ìbí da mínírà sára léèsì. Nígbà tí súfèé yẹn dákẹ́, mo tún un sọ. Ẹ má tún àwàdà sọ láyé yín. Ẹnì kan ṣoṣo ló rẹ́rìn-ín, ojú ẹ̀ sì hàn pé àánú mi ló ń ṣe é.

Àwọn tó gbé ẹ̀rọ wá lọ́jọ́ náà, mi ò ní dárúkọ wọn, wọ́n lọ́fíìsì láàárín ìlú, wọ́n wọ yúnífọ́ọ̀mù, sípíkà wọn ga jù mí lọ, ṣùgbọ́n ọmọ tí wọ́n fi sídìí ẹ̀rọ ń tẹ fóònù látìgbà tí mo ti gun orí ìtàgé títí mo fi sọ̀kalẹ̀. Látọjọ́ náà ni mo ti pinnu pé ẹni tó bá pè mí, èmi ni màá mú onísípíkà wá, kó fowó ẹ̀ kún owó mi. Báyìí ni mo ṣe bá Alfa pàdé.

Ọmọ Ìlọrin ni, ẹ̀rọ mọ́ṣáláṣí ló kọ́kọ́ ń tún ṣe, ibẹ̀ lorúkọ Alfa ti lẹ̀ mọ́ ọn. Tẹ́ ẹ bá rí irinṣẹ́ ẹ̀ ẹ ẹ̀ ní fẹ́ sanwó. Sípíkà méjì tí ara wọn ti họ, jẹ́nẹ́rétọ̀ kékeré kan, wáyà gígùn tó fi ń gbé e lọ sẹ́yìn fẹ́ǹsì kí ariwo ẹ̀ má bàa dé ọ̀dọ̀ wa, àti mísà kan, ẹ̀rọ tó fi ń yí ohùn sókè sílẹ̀, tí bọ́tìnì méjì ti já lára ẹ̀, ìdérí ọṣẹ ìfọyín ló fi rọ́pò wọn, ọ̀kan pupa, ọ̀kan funfun. Ìdérí pupa yẹn ni tèmi. Tí mo bá ti ń sún mọ́ ibi ẹ̀rín, ẹ wo ọwọ́ ẹ̀, á rọra yí i sílẹ̀ díẹ̀, díẹ̀ báyìí, ohùn á kéré, àwọn èèyàn á nawọ́ etí síwájú láìmọ̀, tí mo bá wá dé ọ̀rọ̀ mẹ́fà yẹn á yí i padà sókè. Mi ò rán an níṣẹ́ yẹn o. Òun ló fúnra ẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀.

Ọjọ́ àkọ́kọ́ tá a jọ ṣiṣẹ́, ó gba máìkì lọ́wọ́ mi, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ ń fún un lọ́rùn." Mo máa ń di orí máìkì mú bí àwọn olórin tàkasúfèé, mo rò pé ó fi mí hàn bí èèyàn ńlá. Ó ní irú máìkì tá à ń lò yìí, iwájú ló fi ń gbọ́ràn, ó kọ ẹ̀yìn sí ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀, àwọn ihò kéékèèké tó wà lábẹ́ orí ẹ̀ ló fi ń mọ èyí yàtọ̀ sí èyí, tí èèyàn bá wá fọwọ́ bo ihò yẹn, kò mọ iwájú kò mọ ẹ̀yìn mọ́, gbogbo nǹkan ni á máa gbọ́, títí kan ohùn ara ẹ̀ tó ń ti sípíkà jáde. Ohùn á wọlé síbí, á jáde lọ́hùn-ún, á tún wọlé, á tún jáde, á máa ga sí i, òun ni súfèé tó pa mí ní Karu. Mo ní bí olófòófó méjì tó ń gbé ilé kan náà, ó ní bẹ́ẹ̀ ni, ọ̀rọ̀ tó bẹ̀rẹ̀ ní wúyẹ́wúyẹ́, kílẹ̀ tó ṣú ó ti dìjà. Máìkì ẹ̀ méjèèjì, Shure SM58 ni orúkọ tó wà lára wọn, irú ẹ̀ ti wà látọdún 1966, ayédèrú ẹ̀ sì kún ọjà fọ́fọ́, Alfa fúnra ẹ̀ ní ọ̀kan lọ́mọ bíbí inú òun, ìkejì ọmọ àgbàtọ́ ni. Oníwáyà ni wọ́n, wọn ò jẹ bátìrì. Ó ní ọ̀kan tí kò ní wáyà náà o, àmọ́ ẹ má jẹ́ kó gbé e fún yín, torí bátìrì inú ẹ̀, ẹ̀yìn òde mẹ́ta ló ti ń bọ̀ kó tó kàn yín.

Ibi tí mo ti wá mọ̀ pé Alfa gbọ́n jù mí lọ, Garki ni, pátì ìfẹ̀yìntì ọ̀gá kan. Ẹni tí kò bá tíì ṣàwàdà níwájú òṣìṣẹ́ ìjọba Àbújá kò tíì rí nǹkan. Gbogbo wọn ló fẹ́ rẹ́rìn-ín, àmọ́ wọ́n á kọ́kọ́ wo ojú dáírẹ́kítọ̀. Tí dáírẹ́kítọ̀ bá rẹ́rìn-ín, igbákejì ẹ̀ á rẹ́rìn-ín tó kéré díẹ̀ sí tiẹ̀, ẹni tó tẹ̀ lé ìyẹn á rẹ́rìn-ín tó kéré sí ti igbákejì, bẹ́ẹ̀ ni á ṣe máa sọ̀kalẹ̀ ní lẹ́fẹ̀ẹ̀lì lẹ́fẹ̀ẹ̀lì, ìgbà tó bá fi máa dé ọ̀dọ̀ lẹ́fẹ̀ẹ̀lì 7, eyín nìkan ló máa kù. Tó bá wá jẹ́ pé dáírẹ́kítọ̀ ń ka tẹ́ẹ̀sì lórí fóònù, ó ti parí fún ẹ nìyẹn.

Mo dé gbọ̀ngàn, mo rí i pé Alfa ti gbé ọ̀kan nínú sípíkà méjèèjì lọ sẹ́nu ọ̀nà lẹ́yìn pátápátá, níbi táwọn dírẹ́bà, àwọn alásè àtàwọn ṣíkiọ́rítì dúró sí. Inú bí mi. Mo ní Alfa, ṣé dírẹ́bà ló pè wá ni? Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ n ṣiṣẹ́ mi." Mo bẹ̀rẹ̀, iwájú le bí òkúta, mo sọ ti ọjà Wuse, kò sẹ́ni tó mira, mo sọ ti àwọn tó ń pariwo "Berger! Berger!" sínú fèrèsé takisí, ẹnì kan wúkọ́. Mo gbé ti lándlọ́ọ̀dù dé, pijin ni mo fi sọ ọ́ torí ẹ̀yà tó wà níbẹ̀ ò lóǹkà, mo dé ibi omi náà, mo bá gbọ́ gbààà látẹ̀yìn. Dírẹ́bà Háúsá kan ń fọwọ́ gbá ògiri, èkejì ẹ̀ ti lóṣòó sílẹ̀, ìyá alásè kan fi ṣíbí ọbẹ̀ ńlá bo ojú, ẹ̀rín ń pa èmi náà bí mo ṣe ń rántí ẹ̀. Ẹ̀rín yẹn gbéra látẹ̀yìn, ó ń bọ̀ ní ìlà dé ìlà bí ìgbà téèyàn ń gbé báàsìn jọ́lọ́ọ̀fù bọ̀, àwọn tó wà láàárín kọ́kọ́ fẹ́ mú un mọ́ra, kò ṣeé mú mọ́ra, dáírẹ́kítọ̀ gbójú sókè, kò gbọ́ ohun tí mo sọ, ó bi ẹni tó jókòó tì í, ìyẹn sọ fún un, ó dákẹ́ bí ẹni tó ń ṣírò owó, ló bá bú sẹ́rìn-ín. Ó tán. Lẹ́yìn ìyẹn, tí mo bá kàn sín wọ́n á rẹ́rìn-ín.

Nínú mọ́tò, mo bi Alfa bó ṣe mọ̀. Ó ní kò sẹ́ni tó ń ṣọ́ dírẹ́bà, kò sẹ́ni tó máa kọ ẹ̀rín ẹ̀ sínú fáìlì, òun ló lómìnira jù nínú gbọ̀ngàn yẹn, kò kàn tíì gbọ́ ọ̀rọ̀ rí ni, torí iwájú ni gbogbo onísípíkà máa ń kọjú ẹ̀rọ sí.

Ọ̀rọ̀ yẹn ò jẹ́ n sùn dáadáa. Mo ń ronú kan Gbenga Adeboye, tó kú ní 2003, rédíò àti kásẹ́ẹ̀tì lèmi fi mọ̀ ọ́n, Alhaji Pastor Olúwo, ẹnì kan ṣoṣo nídìí máìkì, á di ẹnì kan, á di ẹlòmíì, wọ́n á mú iná lọ nílé wa, bàbá mi á ki bátìrì sí rédíò, gbogbo wa á jókòó sínú òkùnkùn, a ò rí ojú ara wa ká tó máa wojú ẹnikẹ́ni ká tó rẹ́rìn-ín. Baba Sala ní tiẹ̀, kó tó lanu lẹ ti ń rẹ́rìn-ín, pẹ̀lú dígí ojú gbàgìdì àti aago ràbàtà tó fi kọ́rùn. Èmi ò ní aago lọ́rùn. Kóòtù kan ṣoṣo ni mo ní, ohùn ló kù fún mi, ẹni tó sì ń bá mi gbé ohùn náà kiri ni mò ń sọ̀rọ̀ ẹ̀ fún yín yìí.

Àléébù ẹ̀ wá ńkọ́? Ó pọ̀ o. Àkọ́kọ́, kì í tètè dé. Ẹ ní kó dé ní aago mẹ́rin, aago márùn-ún kọjá ogún ìṣẹ́jú lẹ máa rí i, á ní Nyanya dí, a mọ̀ pé Nyanya dí, ojoojúmọ́ ayé ni Nyanya ń dí, ẹni tó ń gbé Mararaba tó ṣì ń yà á lẹ́nu pé Nyanya dí, kí la fẹ́ sọ fún un. Ìkejì, ó fẹ́ràn echo. Ó ti ṣiṣẹ́ fún ṣọ́ọ̀ṣì pọ̀ jù, mo ti bẹ̀ ẹ́ títí, lọ́jọ́ kan ní Gwarinpa ó gbàgbé pa á, bàbá lándlọ́ọ̀dù mi ní "dá omi mi padà-dà-dà-dà-ná-ná", ìyá àgbà kan níwájú ṣe "àmín". Fóònù ẹ̀ náà, ó máa ń gbé e sórí mísà, tí wọ́n bá fẹ́ pè é, sípíkà á kọ́kọ́ máa ṣe dirr-dirr-dirr kí fóònù tó dún.

Èyí tó dùn mí jù ni pé ó ti mọ gbogbo àwàdà mi lórí. Ní Kubwa lóṣù tó kọjá, ibi tí mo ti ní "mo sanwó omi lọ́tọ̀" ló ti bú sẹ́rìn-ín kàà, òun nìkan, àwọn èèyàn yíjú wò ó, wọ́n rò pé iná gbé e. Mo ní Alfa, kí ló dé? Ó ní kò sí, ibi tó ń lọ lòun rántí. Mi ò lè bínú sí ẹni bẹ́ẹ̀. Àmọ́ mo bínú.

Owó ẹ̀, ẹgbẹ̀rún lọ́nà àádọ́rùn-ún náírà ló gbà lọ́wọ́ mi kẹ́yìn, sípíkà méjì, máìkì méjì, òun àti ọmọ iṣẹ́ ẹ̀ kan tó máa ń sùn. Epo wà lọ́tọ̀. Tẹ́lẹ̀ kì í yọ epo sọ́tọ̀, àmọ́ látìgbà tí wọ́n ti kéde ní May 29, 2023 pé owó ìrànwọ́ epo ti lọ, tí lítà kan l'Àbújá ńbí kúrò lábẹ́ igba náírà tó fò sí 537 láàárín ọjọ́ mélòó kan, tó tún wá kọjá ẹgbẹ̀rún kan ní 2024, ó ní òun ò lè máa ra ẹ̀rín fún ẹlòmíì. Ike kan wà lọ́wọ́ ẹ̀ tó fàmì sí lára, ojú yín ló ti máa wọn epo, èyí tó bá ṣẹ́kù á dá a padà fún yín, mi ò tíì rí ẹlòmíì tó ń ṣe bẹ́ẹ̀. Àwọn oníyúnífọ́ọ̀mù ìjọ́sí gba ìlọ́po méjì iye yẹn kí wọ́n tó fọn súfèé sí mi létí. Rìsíìtì nìkan ni kò ní, ẹ̀yìn páálí sígá ló kọ tèmi sí, òun náà kì í mu sígá, mi ò mọ ibi tó ti rí i. Tó bá jẹ́ lọ́fíìsì ìjọba lẹ fẹ́ lò ó, ẹ yáa wá ẹni tó máa bá yín tẹ rìsíìtì.

Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ a ní ìgbéyàwó kan ní Dutse Alhaji, mo ti sọ fún un pé tó bá tún rẹ́rìn-ín ṣáájú èrò màá yọ ọ́ nínú owó ẹ̀, ó ní kí n yáa wá àwàdà tuntun, òun ò lè máa dibọ́n. Ẹni tó bá fẹ́ ẹ lẹ́yìn ìyẹn, Sátidé ẹ̀ ti ń kún, ẹ tètè bá a sọ̀rọ̀, tí òde yín bá sì jẹ́ aago mẹ́rin, aago méjì ààbọ̀ ni kẹ́ ẹ pè fún un.